Bí A Ti Ń Pe Labalábá Wá Sínú Ọgbà Ilé

Kò sí ẹni tí ó kórìíra labalábá. Ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé e, àgbàlagbà a sì máa dúró wò ó nígbà tí ó bá bà lé òdòdó. Kò ta ènìyàn bí oyin, kò sì sí ẹni tí a gbọ́ pé ó bù jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àgbẹ̀ léèrè ohun tí ó rò nípa kòkòrò tí ń jẹ ewé ọsàn rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò yí padà lójú kan náà, yóò sì wí pé pípa ni ó tọ́ sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí ni pé labalábá tí a ń yìn àti kòkòrò tí a ń bú yìí, ẹ̀dá kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí labalábá máa wá sí ọgbà ilé rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò ṣe sí àwọn ọmọ rẹ̀.

ÌTÀN ÀGBẸ̀ KAN

Àgbẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́ nínú ìjọ àti aláápọn lóko. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò gbé ọ̀nà oko jíjìn mọ́, ó tún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣe, ó sì gbin èso ọsàn sí i, kí ó lè tọ́ àwọn ọ̀gbìn náà dàgbà, kí ó sì tà wọ́n fún àwọn tí ń dá oko ọsàn. Owó wọn ni ó ti yà sọ́tọ̀ fún owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí pẹ̀lú ní ebè kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ó gbin òdòdó sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwé. Labalábá ńláńlá, dúdú, tí àmì àwọ̀ ìyeyè wà káàkiri ìyẹ́ wọn, a máa wá síbẹ̀ ní àárọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, bàbá àgbà a máa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa wò wọ́n, a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ní oṣù Okúdù, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, tí àwọn ọ̀gbìn ọsàn sì ń yọ ewé tuntun, bàbá náà ṣàkíyèsí pé ohun kan ti jẹ ewé púpọ̀ nínú wọn títí ó fi ku egungun àárín ewé nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò, ó sì rí ohun tí ó kọ́kọ́ pè ní ìgbẹ́ ẹyẹ. Nígbà tí ó fi igi kàn án, ìgbẹ́ ẹyẹ náà gbé orí sókè, ó yọ ìwo pupa méjì tí ó rọ̀ jáde, òórùn líle sì bá a jáde. Inú bí bàbá náà gidigidi. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó ra oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ ẹni tí ń bù ú tà, ẹni náà sì rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ó gbé ìgò náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ bá ọmọ kékeré inú ilé, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, níbi tí ó ti ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò náà. Ó já a gbà. Ọlọ́run ṣàánú, oògùn náà kò tíì kan ahọ́n ọmọ.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó gbé ìgò náà lọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Baálé mi, ẹ wo ohun tí mo gbà lẹ́nu ọmọ yín. Mo mọ̀ pé ọsàn ni ẹ fẹ́ gbà là. Ṣùgbọ́n bí a bá sin ọmọ nítorí ewé, ta ni yóò jẹ ọsàn náà?”

Bàbá náà kò fèsì. Ó jókòó pẹ́ títí. Nígbà náà ni ọmọbìnrin náà wí pé, “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ ṣà wọ́n ní àràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé.”

“Bí ìwọ bá ṣà wọ́n tán, kí ni ìwọ yóò fi wọ́n ṣe?”

“N ó kó wọn sórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, Bàbá. Igi náà ti dàgbà, kò lè kú nítorí wọn.”

Bàbá náà gbà fún un, ṣùgbọ́n kò retí ohun rere kan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣà wọ́n bí ó ti wí. Ó mú ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó ti sanra, ó fi í sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò pẹ̀lú ẹ̀ka ọsàn, ó fi aṣọ tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ so ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú àga bàbá àgbà. Ojoojúmọ́ ni ó ń pààrọ̀ ewé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò náà kò jẹun mọ́, ó so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó sì dákẹ́. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò mira. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, bí bàbá náà ti jókòó tí ó ń dúró de agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ó wà nínú ìgò náà là, labalábá dúdú alámì ìyeyè sì wọ́ jáde. Bàbá náà mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Èyí tí mo ń dúpẹ́ fún ní àràárọ̀ ni mo lọ ra oògùn fún!”

ÌGBÉSÍ AYÉ LABALÁBÁ ỌSÀN

Ọ̀nà tí kòkòrò yìí ń gbà di labalábá kò ṣòro láti rí fún ẹni tí ó bá ní sùúrù àti igi ọsàn kan. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin jọ sí ojú kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń yé wọn, lórí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, nítorí ewé tí kò tíì le ni ọmọ tuntun fẹ́ràn láti jẹ. Ẹyin náà kéré, ó rí roboto, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹyin náà a pa. Àwọ̀ dúdú àti funfun tí ó wà lára ọmọ náà mú kí ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹyẹ tí ń wá oúnjẹ a sì kọjá lára rẹ̀ láìbìkítà. Ó ń jẹun, ó ń sanra, bí awọ rẹ̀ bá sì há mọ́ ọn, yóò bọ́ ọ sílẹ̀ bí ejò. Nígbà tí ó bá bọ́ awọ nígbà kẹrin, àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bí ti ewé, kò sì rọrùn láti rí i mọ́. Ìwo pupa tí ó ń yọ kì í ta ènìyàn. Òórùn rẹ̀ ni ó fi ń lé èèrà àti àwọn ọ̀tá rẹ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó dẹ́kun jíjẹ. Ó wá ẹ̀ka kan, ó fi òwú tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde so ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi òwú kan gba ara rẹ̀ ní ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́mu ti ń fi igbà gba ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ awọ ìkẹyìn, tí ó sì di ohun tí kì í rìn, tí kì í jẹun. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, awọ náà a là, labalábá a sì jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tí ó ká jọ, tí ó tutù. Yóò rọ̀ sórí ẹ̀ka títí ìyẹ́ náà yóò fi nà tán tí yóò sì gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kàn án ní àkókò yìí, nítorí ìyẹ́ tí ó bá wọ́ nígbà tí ó tutù kì í tọ́ mọ́.

Igi ọsàn kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti ilẹ̀ Éṣíà ni a ti mú un wá. Kí ó tó dé, ewé àwọn igi igbó tí ó jẹ́ ìbátan ọsàn ni labalábá yìí fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Nínú ìdílé kan náà ni igi orín àtà wà, èyí tí àwọn àgbà fi ń fọ eyín. Nígbà tí a wá gbin ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé, labalábá rí i bí oúnjẹ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Igi tí ó ti dàgbà lè fún un ní ewé jẹ láìsí ìpalára tí ó tó nǹkan. Ọ̀gbìn tí kò tíì ga ju orúnkún lọ ni ó lè bàjẹ́, òun sì ni ó yẹ kí a máa bẹ̀ wò lójoojúmọ́.

OLÚKÚLÙKÙ PẸ̀LÚ EWÉ TIRẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti gbin òdòdó, ó tán. Òdòdó ni oúnjẹ labalábá tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ewé ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ewé kéwé. Labalábá a máa fi ẹsẹ̀ tọ́ ewé wò kí ó tó yé ẹyin sí i, bí kò bá sì jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, yóò kọjá lọ. Nítorí náà, ọgbà tí ó ní òdòdó nìkan dà bí ilé oúnjẹ lójú ọ̀nà. Àlejò a jẹun níbẹ̀, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọgbà tí ó ní ewé pẹ̀lú ni ó di ilé.

Ewé bomubomu ni labalábá kan ń wá, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ bí ti èso ọsàn tí ó pọ́n, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú pẹ̀lú àmì funfun. Kòkòrò rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti ìyeyè yí ara ká. Oje funfun bomubomu ní oró. Oró náà ń wà nínú ara kòkòrò àti labalábá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tí ó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ tọ́ ọ wò mọ́. Labalábá mìíràn wà tí kò ní oró bẹ́ẹ̀, ewé pápásan sì wà lára ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Akọ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun ńlá, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ wọ irú aṣọ kan náà pẹ̀lú ti orí bomubomu, àwọn ẹyẹ sì ń yẹra fún un. Àwọn àgbà ní, labalábá tí ó fi ara wé ẹyẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi ara wé labalábá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Labalábá funfun tí ń fò kọjá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní àwọn àkókò kan nínú ọdún, orí rẹrẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń yé sí. Èyí tí ó kéré, tí ó pọ́n rúsúrúsú, tí ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára, a máa wá orí ewédú. Ẹni tí ó bá ń tà ewédú lọ́jà mọ ìbànújẹ́ tí èyí lè mú wá. Kí ó ya ebè kékeré kan sọ́tọ̀ ní ìpẹ̀kun ọgbà, kí ó sì máa ṣà wọ́n láti orí ebè ọjà lọ sí orí ebè náà.

Ìkìlọ̀ méjì wà níhìn-ín. Oje bomubomu lè pa ojú lára gidigidi, nítorí náà ẹni tí ó bá gé e ní láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fi kan ojú. Èso rẹrẹ pẹ̀lú kò dára fún ọmọdé tàbí ẹran láti jẹ, kí a má ṣe gbìn ín sí ibi tí wọ́n ti ń ṣeré tàbí tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀.

OÚNJẸ FÚN ÀWỌN ÀGBÀ

Ẹnu labalábá gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ká bí okùn. Bí ó bá rí òdòdó, yóò nà án jáde, yóò fi fa omi dídùn tí ó wà nínú rẹ̀. Òdòdó tí ó kéré, tí ó sì pọ̀ pa pọ̀ lórí igi kan, ni ó fẹ́ràn jù. Kò pọn dandan kí a fi owó ra òdòdó òkèèrè. Imí-eṣú, tí a ń ro dànù lójoojúmọ́, wà nínú èyí tí labalábá fẹ́ràn gidigidi. Akọ labalábá orí bomubomu a máa wá òdòdó imí-eṣú àti ewé àgógo igún tí ó ti gbẹ, nítorí ó ń rí ohun kan fà níbẹ̀ tí ó fi ń ṣe òórùn tí yóò fi wá aya. Bí a bá jẹ́ kí imí-eṣú tó ìwọ̀n ẹní kan kù sí igun ọgbà, níbi tí oòrùn ti ń ràn tí afẹ́fẹ́ kò sì pọ̀, labalábá yóò rí i.

Èpo méjì kan wà tí kò yẹ kí a fi pe labalábá, bí òdòdó wọn tilẹ̀ ń fà á. Ẹ̀wọ̀n àgogo ní ẹ̀gún, ó ń tàn kálẹ̀ kíákíá, oró inú ewé rẹ̀ sì ń pa màlúù àti àgùntàn lára. Èkejì ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Akíntọ́lá. Nígbà tí ó bá tanná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, labalábá a bò ó, ṣùgbọ́n tata tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú fẹ́ràn òdòdó náà, ó sì ń rí ààbò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ tí ó sì fi Akíntọ́lá sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ń bọ́ olè.

Àwọn ẹlẹ́mu mọ àwọn labalábá mìíràn tí kì í wá òdòdó. Wọ́n tóbi, wọ́n yára, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìrù kéékèèké ní ìsàlẹ̀ ìyẹ́. Ibi tí ẹmu ti ń kán sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, àti ibi tí máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti rà sí. Ìwà yìí kò yẹ ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n a kò lè bá labalábá wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn, kí ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó ti pọ́n jù sórí pátákó tí ó ga, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé ìdáná. Kí ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí eṣinṣin má baà pọ̀. Máńgòrò tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi ni kí a má ṣe fi sílẹ̀ rárá, nítorí inú rẹ̀ ni eṣinṣin tí ń ba èso jẹ́ ti ń bí sí i.

OMI, LÁÌPE Ẹ̀FỌN

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rí labalábá tí ó kó jọ sí etí odò tàbí ibi tí omi ìwẹ̀ ti tutù ilẹ̀. Iyọ̀ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wá, akọ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwo pẹlẹbẹ kan tí a kó yanrìn sí, tí a sì fi omi rin, tó fún wọn. Kí omi má ṣe dúró lórí yanrìn náà. Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, láti ìgbà náà ni a sì ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi omi sílẹ̀ nínú ìkòkò fífọ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè máa tọ́ ohun tí yóò dá a dùbúlẹ̀. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí a da yanrìn náà jáde, kí a fọ àwo, kí a sì tún un ṣe.

Ọ̀RÀN OÒGÙN APAKÒKÒRÒ

Oògùn tí ń pa kòkòrò kò mọ èyí tí a bínú sí yàtọ̀ sí èyí tí a nílò. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa mọ Gammalin dáadáa, tí a fi ń pa àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó. Lindane ni orúkọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kì í tètè jẹrà, ó sì ń kó jọ sínú ọ̀rá ẹja, ẹran àti ènìyàn. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm fi kún àwọn oògùn tí a ní láti mú kúrò nílẹ̀, ní ọdún 2009. Kí àgbẹ̀ kòkó sì rántí èyí: àwọn kòkòrò tí ó kéré ju ẹ̀fọn lọ, tí ń bí sínú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó lábẹ́ igi, ni ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti ọ̀kan dé èkejì kí ó tó lè so. Bí oògùn bá pa wọ́n, òdòdó yóò pọ̀, ṣùgbọ́n èso yóò wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ labalábá ni ó tilẹ̀ ń jẹ ewé. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, W. A. Lamborn, tí ó ń ṣe ìwádìí nípa kòkòrò fún ìjọba, jókòó ti igbó ní agbègbè Èkó, ó sì ń wo àwọn labalábá kéékèèké àti àwọn èèrà. Ó rí i pé ọmọ ọ̀kan nínú wọn kì í jẹ ewé. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara igi ni ó ń pa jẹ. Ẹni tí ó bá fi oògùn rin gbogbo ohun tí ń rìn lórí igi rẹ̀ lè pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

A kò sọ pé labalábá yóò mú oko so ìlọ́po. Oyin ń ṣe iṣẹ́ òdòdó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọgbà tí labalábá ń bí sí jẹ́ ọgbà tí oró kò pọ̀ nínú rẹ̀, oyin lè gbé ibẹ̀, ẹyẹ a rí kòkòrò fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ènìyàn pẹ̀lú a sì lè já ewé níbẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù.

Bí ó bá di dandan kí a ní oògùn oko nílé, kí ó wà nínú ohun tí a fi tà á pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀, nínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí a má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láéláé. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ṣe fi ipá mú un bì, nítorí èyí lè mú kí oró náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a nu ẹnu rẹ̀, kí a bọ́ aṣọ tí oògùn ta sí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a sì mú ìgò oògùn náà dání kí oníṣègùn lè mọ ohun tí ó mu.

IGUN OKO

Nínú òfin tí a fi fún Mósè, a pàṣẹ fún olóko pé kí ó má ṣe kórè igun oko rẹ̀ tán, kí tálákà àti àlejò lè rí nǹkan níbẹ̀. Àlejò ni labalábá pẹ̀lú. Ohun tí ó ń béèrè kò tó ìdámẹ́wàá: igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ìdí bomubomu kan, pápásan díẹ̀, àti imí-eṣú tí ó tó ìwọ̀n ẹní. Bí a bá fún un ní igun yìí, tí a sì fi ọwọ́ ṣà á kúrò ní ibi tí a kò ti fẹ́ ẹ, ọgbà yóò wà fún àwa àti òun.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ni kí a gbin àwọn ewé náà. Láti Èbìbì títí dé Agẹmọ, kí a máa wo abẹ́ ewé ọ̀gbìn ọsàn ní àràárọ̀. Ní Ọ̀wàrà àti Bélú, bí òjò ti ń kásẹ̀, kí a dín ríro igun náà kù kí òdòdó lè wà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní Ọ̀pẹ, kí a gbé àwo yanrìn jáde, kí a sì ṣọ́ igun náà kí iná oko má baà dé ibẹ̀.

Ní ti bàbá tí a sọ ìtàn rẹ̀, ó pàdánù díẹ̀ nínú ọ̀gbìn rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù yè, ó sì tà wọ́n ní òjò ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò fi ilé ìwé sílẹ̀. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná kò lẹ́wà mọ́, nítorí ewé rẹ̀ kún fún ihò. Nígbà tí aládùúgbò kan béèrè ìdí tí kò fi tọ́jú igi náà, bàbá náà dáhùn pé, “Mo ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun.”